Èéfín Ilé Kì Í Kúrò Lára Ẹja

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi Ògúnlànà ni, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́yẹlé tí àìsàn gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ bá mi bẹ Màmá wa, wọn ò fẹnu kan nǹkan látàárọ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ níbí la ó sin ín sí lọ́la, kì í ṣe l'Áwoyè ìlú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ẹ sì mọ̀, òkun ti gbé ibojì Bàbá lọ. Màmá ní, 'Báwo ni bàbá rẹ̀ yóò ṣe dá a mọ̀?'

Ẹ jẹ́ kí Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn.

Olórí kunkun ni! Ẹ rántí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ da apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan rú nínú ọkọ̀, lọ́nà ọjà Etikan? Ti Màmá, ti Láídì aládùúgbò wa, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀, ìjà dé. Ọmọ́yẹlé, ọmọdé báyìí, jókòó, ó ń gbóòórùn wọn níkọ̀ọ̀kan: 'Èéfín èèpo àgbọn nìyí, ti Láídì ni. Tiwa nìyí.' Ó tọ́ díẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ bi Láídì, ẹja tirẹ̀ dín kù!

Ó dàgbà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìràwọ̀, iṣẹ́ yẹn náà ló gbé lọ sójú ọ̀run. Mo ní kí ló ń wá lára wọn. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n bí papọ̀ nínú ìkùukùu kan, bí ẹja orí iná kan. Irin tó wà lára ọ̀kan ló wà lára èkejì, ìmọ́lẹ̀ wọn la fi ń mọ̀ ọ́n. Irin ara àwọn ìràwọ̀ àgbà ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ bá kú, á tú tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n bá bí lẹ́yìn á fi ṣe ara.' Bíná kú, a feérú bojú; bọ́gẹ̀dẹ̀ kú, a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Àbí irọ́ ni mo pa?

Mo ní, 'Bí wọ́n bá túká ńkọ́?' Ó rẹ́rìn-ín. 'Wọ́n máa ń túká, Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n lè máà ríra mọ́ láé. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀kan bá wà, ara rẹ̀ á sọ ilé tí wọ́n ti bí i.'

Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Òkun gbé Bàbá, ilẹ̀ ibí á gba ọmọ. Èéfín ilé yín wà lára àwọn méjèèjì. Ẹ dákun, ẹ mu omi.

Ọmọ́yẹlé, àbúrò mi àtàtà, àárò rẹ ti ń sọ mí. Kí omi tòrò fún ọ, kí ọkọ̀ rẹ má dojú dé. Bó o bá gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, má bi ẹnikẹ́ni léèrè. Máa gbóòórùn lọ bó o ti ń ṣe. Ibi tó o bá ti gbóòórùn èéfín ilé wa, Bàbá ń bẹ níbẹ̀. Jókòó tì wọ́n.