Ẹ Gbé Táyé, Ẹ Fi Kẹ́hìndé Sílẹ̀

Ẹ má kí mi, Bàbá Nàfísàt! Ẹ má kí mi rárá! Ẹ pa ọ̀kadà yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé yín yìí, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi! Ẹ gbé Táyé lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí, ẹ fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ lórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ìbejì o! Nínú Ìgbó-Ọrà yìí, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sọ òkò sínú ọjà, ìyá ìbejì tàbí bàbá ìbejì ni yóò bà! Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ sùn nínú ikùn kan ṣoṣo, ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ẹ ń kánjú.

Kí lẹ wí? Pé Táyé ló máa ń ṣíwájú? Háà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Ẹ ní bí wọ́n ṣe wáyé náà nìyẹn, pé Táyé á lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé á wá tẹ̀lé e. Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bí wọn, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e lóòótọ́, kò sẹ́ni tó fi í sínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ padà wá gbé e?

Ẹ má tíì bẹ̀ mí, ẹ jẹ́ n rojọ́ mi tán. Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tójú mi ń rí láràárọ̀ kí àwọn ọmọ yẹn tó jáde síwájú yín? Táyé, bí mo bá ti ní kó dìde, ó ti dìde, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ. Kẹ́hìndé á mú kànìnkàn, á rí aláǹgbá lára ògiri, kànìnkàn á bọ́ sílẹ̀, á gbá tọ aláǹgbá lọ sẹ́yìnkùlé tòun ti ọṣẹ lójú! N ó pè é padà. Á wọ ibọ̀sẹ̀ kan, á rántí pé òun ò tíì rọ́ àlá òun fún Táyé, ibọ̀sẹ̀ kejì á di àwátì. Ẹ̀kọ àti àkàrà ń tutù níwájú ẹ̀, òun ń jó. Kì í sì í ṣe agídí o! Dókítà tí mo gbé e lọ bá n'Ìbàdàn sọ fún mi pé ADHD ni wọ́n ń pè é, pé bí ọpọlọ tiẹ̀ ṣe rí nìyẹn, gbogbo nǹkan ló ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tóun ó dá lóhùn. Wọ́n ní n má nà án mọ́. Wọ́n ní n má to ọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹyọ kan ni kí n sọ, kí n fọwọ́ kàn án léjìká, kí n dúró títí á fi ṣe é, kí n tó sọ òmíràn. Ẹ dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ kan péré, kí ẹ wò ó bóyá omi ò ní bọ́ lójú yín! Àwọn ará àdúgbò ní n ò mọ ọmọ tọ́. Wọ́n ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n. Mo gbà, mo sì ti pọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá di tòní. Mo fi Ọlọ́run búra, òní yìí gan-an ló dáa jù! Ó wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó wọ ibọ̀sẹ̀ méjèèjì, ó jẹun. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lọ síbi tí a ti ń yan gàrí, nítorí mo ti fojú ara mi rí àwọn méjèèjì lẹ́yìn yín lórí ọ̀kadà. Ẹ ní ó tún sọ̀ kalẹ̀? Ẹ ní eré ló fẹ́ lọ ṣe? Irọ́ ni o! Táyé ló gbàgbé ìgò omi ẹ̀ sílé, Kẹ́hìndé ló sáré padà lọ mú un fún un. Ọmọ tí kì í rántí bàtà ara ẹ̀ ló rántí omi ẹnìkejì ẹ̀! Kí ni èrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín? Ẹ ní kó jókòó sórí òkúta, pé ẹ ó kọ́kọ́ gbé Táyé lọ, ẹ ní bí ó bá dìde pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní padà wá gbé e. Ẹ má sẹ́ o, etí Táyé ló ṣe! Lẹ́yìn náà ẹ já Táyé sílé ìwé, ẹ rí èrò tó ń lọ sí Ìdèrè, ó parí.

Ẹ gbàgbé? Ẹ gbàgbé ọmọ èèyàn bí ẹni gbàgbé fìlà sí mọ́sáláṣí? Ká ní Nàfísàt ni wọ́n ṣe báyìí fún ńkọ́?

Mo dé lọ́sàn-án, mo bá a lórí òkúta yẹn. Oòrùn ti ká a mọ́bẹ̀. Báàgì ìwé ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ti tọ̀ sára, Bàbá Nàfísàt, ọmọ mi ti tọ̀ sára, kò dìde. Mo ní, "Kẹ́hìndé, dìde." Ó ní, "Bàbá Nàfísàt ní tí n bá dìde, àwọn ò ní wá mọ́." Mo fọwọ́ kàn án léjìká bí dókítà ṣe wí, mo sọ ọ̀rọ̀ kan, mo dúró. Kò mira. Mo gbé e wọlé tipátipá, ó figbe ta, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó padà sórí òkúta. Tíṣà Salome ló fẹsẹ̀ mú Táyé wálé nígbà tí wọn ò rí yín. Táyé wo ẹnìkejì ẹ̀, òun náà ò bọ́ báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Oúnjẹ àwọn méjèèjì wà nílé, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Ẹ ní ẹ ó tètè wá lọ́la? Lọ́la kẹ̀! Ta ni yóò jókòó síbẹ̀ dọ̀la? Kí n pè é lórí fóònù kí ẹ bẹ̀ ẹ́? Kì í ṣe ohùn ló ń retí, ọ̀kadà ló ń retí! Ẹ ó gbé e lọ sílé ìwé yẹn, bí wọ́n tiẹ̀ ti ti géètì, ẹ ó gbé e débẹ̀, ẹ ó sì gbé e padà, òun níwájú, Táyé lẹ́yìn.

Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti jókòó o. N ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀! Ẹ ṣáná sí ọ̀kadà yín, ẹ wá bá mi gbé e dìde!