Àyìnkẹ́ Kọ́ Ló Fa Túúlu Morónkẹ́

Ẹ bá mi dá agogo dúró ná, ẹ̀yin ará ìjọ. Orin kún ẹnu mi láàárọ̀ yìí, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, torí mo ti pinnu pé ohun tó wà nínú mi kò ní bá mi wọ kòtò. Ẹ má tíì ṣe àmín o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀rẹ́ èmi Ìyá Yẹ́misí, tí mo ń ta oògùn ní Ìgándò, ni Morónkẹ́, ìyá Dáníẹ́lì. Ẹ mọ túúlu tó ń bá a jà nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀fọ́rí ẹ̀gbẹ́ kan tí í mú kó máa bì, tí kì í jẹ́ kó lè wo oòrùn. Èmi ni mo fún un ní oògùn inú ike, funfun kékeré báyìí. Ó ṣiṣẹ́. Ló bá dárin fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù: "Ìyá Yẹ́misí fọwọ́ bà á, túúlu di ẹrù, ó gba Dọ̀pẹ̀mú lọ!" Àwọn oníkẹ̀kẹ́ pàápàá ń kọ ọ́. Èmi tí mi ò ka ju ìwé méjì lọ, wọ́n ń fi mí kọrin! Orin yẹn kó sí mi lórí.

Nígbà tó yá, ẹ̀fọ́rí di ojoojúmọ́. Ó ní, "Oògùn rẹ yìí ti di omi jàre." Mo bá fa onípáálí yọ, èyí tó lórúkọ ńlá lára. Mo ní, "Ọ̀gá wọn rèé." Àṣé ńṣe ló ń mu méjèèjì pọ̀! Ó ní kí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ jọ ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Hamdalah tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ká a mọ́ ọn. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì o! Orúkọ lásán ló yàtọ̀. Bó bá ń mu ún lójoojúmọ́, oògùn yẹn gan-an ni yóò máa fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ ní kó lọ rí dókítà, kó dá a dúró. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ọ burúkú, lẹ́yìn náà á fúyẹ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún Morónkẹ́. Ṣé kí n sọ pé èmi tó ń kọrin fún ni mo ń dá ẹ̀fọ́rí sí i lágbárí? Àgbàlagbà agbéraga!

Ni wòlíì bá ríran pé ẹnì kan nínú ilé ló di orí rẹ̀ mú. Morónkẹ́ wá ń sùn sínú ilé àdúrà wa yìí, kò gbé oògùn dání. Àyìnkẹ́, ìyàwó Dáníẹ́lì, ló ń tọ́jú rẹ̀, tó ń fi aṣọ tútù lé e níwájú orí. Ẹ̀fọ́rí náà wá le bí ẹkùn. Wọ́n ní kí Àyìnkẹ́ jáde lọ ná, kí àwọn wò ó bóyá ẹ̀fọ́rí á bá a lọ.

Mo mọ̀ pé oògùn ló ń jáde lára rẹ̀, pé bó bá rọ́jú díẹ̀ sí i, ó bọ́. Mo mọ̀ o! Àánú rẹ̀ ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù: bí orí rẹ̀ bá fúyẹ́ láìsí oògùn, yóò mọ̀ pé oògùn mi ló ń fà á. Mo lọ oògùn náà kúnná, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, mo fi fún un mu.

Àyìnkẹ́ kò tíì dé Ìyànà Ìpájà tí Morónkẹ́ fi dìde jókòó, tó rẹ́rìn-ín. Ilé pariwo, "Halelúyà! Ẹ ò rí i? Ó jáde, ẹ̀fọ́rí bá a jáde!" Èmi náà pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo tún lé orin!

Dáníẹ́lì kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Àyìnkẹ́ pọn ọmọ wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ àìsàn yìí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní, "Ìyàwó, fi sínú àdúrà." Ẹnu mi yìí náà ni. Nígbà tí ẹ̀fọ́rí padà, wọ́n ní Àyìnkẹ́ ló ń jagun láti òkèèrè. Morónkẹ́ gbé ẹ̀fọ́rí náà títí ó fi kú, kò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Àyìnkẹ́ ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ọmọ mi, mi ò lè dá ilé rẹ padà fún ọ. Àjẹ́ tí wọ́n ń pè ọ́, èmi ni kí wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀. Forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú, mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí orí bá ń fọ́ ìyá yín, ẹ wo ohun tó ń mu kí ẹ tó wo ẹni tó ń bá a gbé.