Orin Ìkórè tí Mo Ní Bàbá Herbert Kò Kọ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ pa ìwé orin yín dé ná. Mo mọ̀ pé Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àǹtí sòpúránò sì ti ń wò mí pé kí ni mò ń dúró dè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun tipẹ́, n ò sì ní gbé e mì mọ́. Bí mo bá parí, ẹ lè hó lé mi lórí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n parí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Bàbá Herbert, tó darí wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló kọ́ mi ní dò-re-mí. Ẹ sì mọ ìwà wọn: orin Ìkórè tuntun kì í kúrò nínú kọ̀ǹpútà wọn títí ọjọ́ á fi sún mọ́lé, kí ìjọ míì má baà gbọ́ ọ kí wọ́n sì kọ ọ́ ṣáájú wa. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń pè wá sílé wọn ní Ìgbẹ̀ìn láti wá gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó; àwọn tó ṣe é ti kéde pé àwọn ò bójú tó irú rẹ̀ mọ́. Bàbá á ní, "Jídé, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ yìí fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì o. Bó ṣe wà yìí ló tẹ́ mi lọ́rùn."

Èmi ọlọ́gbọ́n! Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n lọ kí ìbátan wọn ní Ọ̀fàdà, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà bíi pé mò ń tún nóòtì ṣe. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ wò. Mo fi fóònù mi fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà tí Bàbá fi ń kọ orin sílẹ̀ fi sọ pé ẹ̀dà òun tuntun ti jáde, ṣé kí òun gbà á wọlé? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kó lè kúrò lójú mi. Ó pa ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó wá ní kọ̀ǹpútà yìí ti dàgbà jù fún òun, kò sì ṣí mọ́. Mo tú àpótí Bàbá, mo rí àwo CD kan tí ẹ̀dà ètò náà tó ti pẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀, mo fi sí i. Ìyẹn ṣí gbogbo orin àtijọ́, àmọ́ orin Ìkórè tuntun tí wọ́n fi ẹ̀dà tó ti pa rẹ́ yẹn kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Orin ọ̀hún wà níbẹ̀ o, ohun tó máa ṣí i ni kò sí. Mo gbé e sínú fóònù mi, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí Bàbá má baà tẹ̀ ẹ́ kó má ṣí.

Ká ní mo sọ òótọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èébú lásán ni ǹ bá gbọ́. Bàbá dé, wọ́n wá a títí. "Jídé, orin Ìkórè dà?"

Mo ní, "Orin wo, Bàbá?" Ẹyin lọ̀rọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́.

"Èyí tí mo kọ tán. O ṣáà gbọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ ní ẹ máa kọ ọ́ ni. Ẹ ò tíì kọ ọ́."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn pa kọ̀ǹpútà náà. Yéwándé, ọmọ wọn, tẹ̀ lé mi dé géètì. "Brọ̀dá Jídé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni Dádì ò kọ nǹkan kan? Wọ́n gbàgbé omi lórí iná lọ́jọ́sí." Ọlọ́run tún fún mi láyè láti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ orí ni. Máa fara dà á fún wọn." Ó bú sẹ́kún, èmi ìkà yìí náà ni mo sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún! Kò pẹ́ sígbà náà, níbí yìí gan-an ni Bàbá ti fọwọ́ ara wọn gbé ọ̀pá ìdarí lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Orí mi ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́." Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe ń lọ gba Kòmúníọ̀nù, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kọjá, mo gbọ́ Bàbá tí wọ́n ń fi imú kọ orin. Orin Ìkórè náà ni, ohùn kan ò yẹ̀. Wọ́n dédé dákẹ́, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Orin ara wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. N ò lè gba Kòmúníọ̀nù.

Mo lọ fi ẹ̀dà tuntun ètò náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, orin náà sì ṣí wẹ́rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e lọ sí Ìgbẹ̀ìn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́. Yéwándé ní kí n jáde nílé àwọn. Ó tọ́ sí mi. Bàbá ò wò mí. Ìka wọn ń tẹ̀ lé nóòtì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Àṣé orí mi pé?"

Mo ní, "Ó pé, Bàbá." Wọ́n sunkún, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tẹ́ ẹ bá bà jẹ́, ẹ tètè sọ. Orin tó sọnù ṣeé tún kọ, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ pé orí rẹ̀ ò pé, tó sì gbà yín gbọ́, ibo lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? Ọ̀pá ìdarí rèé lórí tábìlì, n ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo bi Bàbá pé ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o lọ? Téńọ̀ ni wàá kọ, níwájú, níbi tójú mi á ti máa tó ọ." Mọ́tò Yéwándé ló dúró níta yẹn, ó gbé Bàbá wá láti wá darí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún wọn.