Káàdì Tó Sùn Nínú Bíbélì Mi

Ìyá Roqeebah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Bóyá n ó padà sí Jakande tàbí n kò ní padà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbọ́n yín, Àlájà Bàṣírátù, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà kò ṣẹ̀ wọ́n. Èmi Felicia, tíṣà alábàágbé yín tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, èmi ni mo wà láàárín yín tí mo dá ìjà yìí sílẹ̀.

Ẹ rántí ìgbéyàwó Roqeebah, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù nígbà tí ẹ gbé ọgọ́ta káàdì wá bá mi. Wọ́n ti lẹ ẹnu àpòòwé wọn pa láti ilé ìtẹ̀wé. Ẹ ní, "Àǹtí Tíṣà, ọwọ́ yín ló dáa, ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn èèyàn sí i lára." Ẹ sì kìlọ̀ fún mi pé ti Àlájà ni kí n kọ́kọ́ mú lọ, torí láti ìgbà tí ìyá yín ti kú, àwọn ni ìyá fún yín. Ẹ ní, "Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí gbogbo ayé sọ fún wọn, tí káàdì ò bá tíì dé ọwọ́ wọn, wọ́n á ní àwọn ò tíì gbọ́. Ẹ bá mi fún wọn ní Sọ́ńdè yìí." Mo gbà, torí Mafoluku ni ṣọ́ọ̀ṣì mi, iwájú ilé wọn ni mo sì ń gbà kọjá.

Mo kọ orúkọ mẹ́ta, mo kọ ogún, mo kọ ọgọ́ta. N kò rí tèmi. Mo tún wo ìwé tí ẹ to orúkọ sí lẹ́ẹ̀kejì, ara bá fu mí. Mo rántí pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, bí mo ṣe wọlé yín, ẹ̀yin àti Àlájà dákẹ́ lójijì. Kí lẹ ń sọ? Mo dá a dáhùn fúnra mi: Àlájà ló ní kí wọ́n má pe onígbàgbọ́ síbi yìgì. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n béèrè ohun tí kò bá yé wọn, n kò lè la ẹnu béèrè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo pín mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Àní télọ̀ tó kọjú sí ilé Àlájà gba tirẹ̀. Mo ki ti Àlájà bọ inú Bíbélì mi. Ní Sọ́ńdè, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé dáadáa ni?" Ojú wọn lọ sí ọwọ́ mi. Mo ní dáadáa ni, mo kọjá. Nígbà tí ẹ béèrè, mo ní, "Mo fún wọn. Wọ́n gbà á, wọn ò sọ nǹkan kan." Ojú yín yí padà, ó sì dùn mọ́ mi. Ọlọ́run, dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, gbólóhùn méjì ni wọ́n sọ tí wọ́n fi pa á. Ẹ ní, "Àfi bíi pé ọkọ ọmọ mi ò tẹ́ wọn lọ́rùn." Mo ní kí ẹ ṣáà máa ṣọ́ra. Èmi ni mo ní kí ẹ máa ṣọ́ra fún èèyàn!

Sọ́ńdè mẹ́rin ni káàdì yẹn bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí yìgì ku ọ̀tunla, mo ti í sábẹ́ ilẹ̀kùn wọn, mo sá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àlájà gun àtẹ̀gùn wa wá pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ẹ ti lọ sí ọjà. Ilẹ̀kùn mi ni wọ́n kàn. Wọ́n ṣí káàdì náà síwájú mi, wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ ni mo wá bi, torí ọwọ́ ẹ ló kọ orúkọ mi, orúkọ ẹ sì wà lára àwọn tó ń pe èèyàn. Ìgbà wo ni Àìná àbúrò mi fún ẹ ní káàdì mi?"

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, wọ́n tẹ orúkọ mi síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi; ẹ kọ́kọ́ fẹ́ fi yà mí lẹ́nu, lẹ́yìn náà gbogbo yín rò pé mo ti rí i. Àlájà ní, "Èmi ni mo ní kó fi ẹ́ sí i. Ṣebí ẹ̀yìn rẹ ni Roqeebah sùn dàgbà." Ohun tí ẹ ń sọ tí ẹ fi dákẹ́ nìyẹn.

Yìgì ku ọ̀la. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà yẹn ni, à bá ti jọ fi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìjẹta ni wọ́n tó fún mi, Àlájà." Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó gbàgbé mi ni?" Ìyá Roqeebah, ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyí: mo ní, "Wọn ò gbàgbé yín, mà. Wọ́n ní ti yín ò kánjú."

Wọ́n ká káàdì náà sọ́wọ́, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, níbi yìgì, Roqeebah kúnlẹ̀ fún àdúrà, kò rí wọn. Ẹ ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ bá mi gbé ọwọ́ lé e lórí." Mo gbé ọwọ́ yìí lé e. Nígbà tí oyún rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ ń sunkún pé inú burúkú ẹ̀gbọ́n yín ni, mo jókòó tì yín, mo dákẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn, n ó máa rò ó pé ẹ ti mọ̀.

Ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tètè máa fún àgbà ní káàdì, lọ́wọ́ sí ọwọ́, kí wọ́n sì máa béèrè ohun tó bá ń ká wọn lára. Káàdì ìgbéyàwó Abdulhafeez, ọmọ yín ọkùnrin, tí ẹ kọ sílẹ̀ pé kí n bá yín tún ṣe kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé nìyí. Mo wá orúkọ Àlájà títí láàárín àwọn tó ń pe èèyàn, n kò rí i. Tèmi tún wà nísàlẹ̀. Mo ti fi bírò pupa fa igi lé e, mo sì kọ ti ẹ̀gbọ́n yín síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ má fi ti Mafoluku rán ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ fúnra yín.