Ìrìnàjò Iná Ọyẹ́ Lẹ́yìn Kónílé-ó-gbélé

Nígbà tí orúnkún mi ò tíì máa bá mi jiyàn, tí mo ṣì jẹ́ ọmọge ní Ìlọrà níbí, orin tí à ń kọ kì í ṣe èyí tí òbí ń fẹ́ kí ọmọ òun kọ. Rọ́ọ̀kì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orin gìtá oníná, tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a fi Yorùbá sí i, ó di tiwa.

Àwa mẹ́rin ni. Bọ̀ọ̀dá mi Láyí, bàbá Bísí, òun ló ń ta gìtá. Délé ń ta béèsì, ìyẹn gìtá tí ohùn rẹ̀ nípọn, tó máa ń dún sínú ikùn èèyàn. Súlè ń lu ìlù. Èmi ni mò ń kọrin. Iná Ọyẹ́ ni a pe ara wa, torí ìgbà ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀, tí iná ń jó igbó kiri.

Dìákónì ni bàbá wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ wa, wọ́n jáde wá láti inú yàrá, wọ́n wo gìtá yẹn títí. Wọ́n ní, "Láyí, ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?" Bọ̀ọ̀dá ní, "Ara ta ni, Bàbá?" Wọ́n ní, "Ara gìtá yìí. Ó ti ń ké láti àárọ̀. Ẹ wá nǹkan fún un jẹ." Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀... Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú nìyẹn. Fìdítì, Akínmọ̀ọ́rìn, dé Ìṣẹ́yìn, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yìn lọ́rì là ń jókòó sí, lórí àpò àgbàdo. Tí a bá dé Fìdítì, ọsàn ni wọ́n fi ń pàdé wa, a ó mu ún títí ẹnu wa á fi máa yún wa. Ẹ̀yin ńkọ́ lónìí? Ẹnì kan á jókòó nínú yàrá, á ki nǹkan bọ etí, á máa mi orí. Ta ló ń bá a jó?

A darúgbó, a ò dáwọ́ dúró. Gbogbo Kérésì, gbogbo Àjíǹde, a máa ń jáde. Àfìgbà tí Kòrónà dé.

Ẹ ò lè gbàgbé kónílé-ó-gbélé yẹn. Wọ́n ní kí àgbàlagbà má sún mọ́ ẹnikẹ́ni. A bo ẹnu, a bo imú. Àìsàn yẹn wá gbé Bọ̀ọ̀dá Láyí ṣánlẹ̀, Bísí ló tọ́jú wọn, nọ́ọ̀sì ni, kò sùn, kò wo. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n dìde. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n ní, "Gìtá mi dà?"

Ẹ mọ pápá tó wà níwájú ilé wa. Ilé Bọ̀ọ̀dá wà ní apá kan. Ti Súlè wà ní òdìkejì lọ́hùn-ún. Ti Délé wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá igi máńgòrò. Ilé tèmi wà láàárín. Ni Súlè bá gbé ìlù rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lù ú. Bọ̀ọ̀dá dá a lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn. Délé náà gbọ́. Báyìí la ṣe di ẹni tó ń fi orin kí ara wa láti ọ̀nà jíjìn, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò á gbé àga síta, wọ́n á máa gbè é.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ ti wo agbẹ́gi lókèèrè rí? Ẹ̀yin á rí i tí àáké bà lára igi, ó tún di ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù Súlè. Kó tó dé etí Bọ̀ọ̀dá, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ni oníkálukú bá kọ́ láti máa ṣíwájú díẹ̀, kí tòun lè tètè dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ló kọ́ ara rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi, láàárín, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń pàdé bí ọbẹ̀ àti iyọ̀.

Àìsàn kásẹ̀ nílẹ̀, ará Fìdítì wá pè wá. Wọ́n ní ayẹyẹ ìlú ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn ń fẹ́ Iná Ọyẹ́. Inú wa dùn bí ọmọ tó fẹ́ wọ bàtà tuntun. Inú Bísí ò dùn.

Ó kó wa jọ. Ó ní, "Bàbá, ó ku díẹ̀ kí n sin yín. Ẹ jókòó sílé."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo ti jókòó. Mo ti rí bó ṣe rí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

Wọ́n fà á títí. Bísí wá ní, "Ó dáa. Ẹ lọ sí Fìdítì, èmi náà á bá yín lọ. Tí eré yẹn bá dára, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ máa lọ síbi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tí agbára ò bá gbé e, gìtá á wọ yàrá, kò ní jáde mọ́. Ṣé ẹ gbà?"

Bọ̀ọ̀dá ní àwọn gbà. Súlè rọra sọ sí mi létí pé, "Láyí ti fi wá ta tẹ́tẹ́."

A dé Fìdítì. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kún. Wọ́n ti fi pákó kan pèpéle fún wa, a dúró lórí rẹ̀ ní èjìká sí èjìká, bí a ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Bọ̀ọ̀dá mi orí, a bẹ̀rẹ̀.

Áà, ẹ̀yin ọmọ... Ó dàrú. Súlè ṣíwájú Bọ̀ọ̀dá, Bọ̀ọ̀dá ṣíwájú Súlè, Délé ṣíwájú àwọn méjèèjì. Gbogbo wa ń lé ara wa lọ bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. A dúró, a tún un bẹ̀rẹ̀, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà kan jókòó níwájú, ó bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé orin kan náà ni wọ́n ń kọ?" Ìyẹn ní, "Ó jọ pé kálukú mú tiẹ̀ wá láti ilé ni."

Mo wo ibi tí Bísí wà, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó ká apá mọ́ àyà. Kò bínú. Ojú àánú ló fi ń wo bàbá rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Délé ní, "Súlè, ìlù ilé ìyàwó wo lò ń lù?"

Súlè ní, "Ẹ̀yin lẹ ń pariwo sí mi létí! Mi ò lè gbọ́ ara mi." Ó dìde. Ó ní kí àwọn géńdé bá òun ru ìlù, òun ń lọ síbi tí òun á ti rí ìsinmi. Ó gba àárín èrò kọjá, ó lọ dé abẹ́ igi ọsàn ní òdìkejì pápá, ó jókòó, ó sì fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Bọ̀ọ̀dá Láyí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìlù bú kó má fèsì. Wọ́n fèsì láti orí pèpéle. Ni ohùn gìtá bá wọ inú ìlù. Ó wọlé ṣáú, bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó.

Gbogbo wa wo ara wa. Délé ká wáyà rẹ̀, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì ní ìsàlẹ̀, ó tún un so mọ́ iná. Èmi gbé makirofóònù, mo sọ̀ kalẹ̀ sí àárín èrò, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ì bá wà ká ní Ìlọrà ni.

Ẹ ò rí Fìdítì lọ́jọ́ náà. Wọn ò mọ ibi tí wọn á kọjú sí. Wọ́n á yíjú sí gìtá, ìlù á pè wọ́n lẹ́yìn, béèsì á fà wọ́n lápá. Ìyá àgbà yẹn dìde, ó fi igi rẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ kẹta, ó ń yí bí òòyì. Àwọn kan ń rìn kiri pápá, wọ́n ń wá ibi tó ti dùn jù, wọ́n ń pe ara wọn pé, "Wá síbí, níbí ló wà." Mo ń kọrin, mo ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ orin ń bọ́ sọnù lẹ́nu mi, èrò ń bá mi ṣà á.

Nígbà tí a parí, ará Akínmọ̀ọ́rìn kan ti ń bi Súlè bóyá pápá àwọn á gbà wá. Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń dúró de Bísí. Ọmọ náà dé, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń wá ibi tí ọkàn ti ń lù. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

Ó wá ní, "Bàbá, tí ẹ bá dé Akínmọ̀ọ́rìn, ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá Délé má jìnnà tó báyìí. Níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, mi ò gbọ́ béèsì dáadáa."

Bọ̀ọ̀dá gbé gìtá wọn mọ́ra. Wọ́n kàn ń mi orí.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la ń lọ. Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tí à ń fi èjìká kan èjìká wọn, òkèèrè la ti ń gbọ́ ara wa yé báyìí. Kò burú. Ẹ ṣáà má máa sọ fún àgbà pé kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Jókòó-jẹ́ẹ́ ń bọ̀ wá bá gbogbo wa nílé, kò ní ṣìnà. Kí ló dé tí a ó fi lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà?