Àwòrán Wáyà Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Lọ́ Pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí ibùsùn mi ká, ẹ sún mọ́ mi, mo ní ìtàn kan fún yín. Ọdún márùn-ún ló ti ń jẹ mí nínú. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé e wọ ibojì.

Ní ọdún 2002, nígbà tí iṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́ kiri ní Dublin nílẹ̀ Ireland, èmi Ọláníyọnu ni mò ń tọ́jú wáyà kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan lápá Blanchardstown. Èmi ni mo ya àwòrán bí wọ́n ṣe so mọ́ra: àpótí ńlá lókè fún ẹ̀rọ àgbà, àwọn kéékèèké nísàlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ìlà fún wáyà, ìlà kan ò sì dábùú èkejì. Ọmọdé lè kà á. Lábúlé wa, bàbá mi a máa fi màrìwò sàmì sí oríta kí àlejò má baà ṣìnà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ìgbà tó yá, wọ́n gba obìnrin Ìbàdàn kan, Olúfúnṣọ́, sí abẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé. Ọ̀gá wa, ọmọ Ireland, ní, "She's grand, that one," pé ó dáńtọ́. Bí gbogbo ènìyàn bá mọ̀nà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi afinimọ̀nà ṣe? Ìlara ni, ẹ má bá mi fún un lórúkọ mìíràn. Mo ti àwòrán rere náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní press. Mo ya òmíràn: mo to àwọn àpótí yípo bí agbo ijó, mo jẹ́ kí ogójì ìlà máa dábùú ara wọn láàárín. Ìlà kan ò parọ́ níbẹ̀. Ètò wọn nìkan ni mo bà jẹ́.

Olúfúnṣọ́ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé spaghetti lẹ yà ni?"

"Tẹjú mọ́ ọn, ojú ẹ á là."

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní kó yọ wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti bàjẹ́. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà lórí àwòrán mi. Níbi tí ìlà méje ti pàdé, ìka rẹ̀ yà gba ọ̀nà ẹlòmíràn. Wáyà tó gbé gbogbo ilé iṣẹ́ ró ló yọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà kú fin-ín.

Ọ̀gá pè wá. Ó bi mí bóyá àṣìṣe wà nínú àwòrán náà. Mo ní kò sí.

Olúfúnṣọ́ yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò ṣeé kà. Orúkọ ilé iṣẹ́ yìí ló wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá lé mi níbí, wọ́n lé mi nílùú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ press wà lápò mi, mo dì í mú. Mo wolẹ̀.

Wọ́n lé e. Kò pé oṣù méjì tó fi kó Tẹ́ní ọmọ rẹ̀, tó ti ń fọ èdè bí ọmọ Dublin, padà sí Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi igbó bo ọ̀nà torí pé ẹ fẹ́ máa fi ẹlòmíràn mọ̀nà. Olúfúnṣọ́, dárí jì mí. Àwòrán rere náà rèé lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Gbọ́lá, àbúrò mi, ìwọ lo ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ ni kó o gbé e lọ bá a. Má ṣàlàyé fún un. Bó bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá sì bi yín léèrè, ẹ ní Ọláníyọnu ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Gbọ́lá ló kọ ọ́ sílẹ̀.