Pẹ́ńsù Tí A Ń Pè Ní Àwọ̀ Ara

Alága wa, Don Eladio, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ tukọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò wá, ẹ kú ewu omi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń fi ìgúnpá gún ara yín níwájú níbẹ̀, mo rí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wá síbi ìfẹ̀yìntì mi lónìí, mo kí gbogbo yín.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni Màmá Pastora, ìyá ìyá mi, lẹ̀ mọ́ ògiri pákó ilé wa kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ara ògiri yẹn ni mo ti mọ̀wé kà. Èyí tí màmá lẹ̀ dorí kodò, èmi náà á dorí kodò lórí ibùsùn, mà á kà á. Màmá á ní, "Olegaria, ṣé ògiri yìí lo máa fi ṣe ọkọ ni?" Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó kúkú ṣẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi kọ́ ọmọ yín, bí mo bá sì délé nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni mo kà. Ó ń dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ ti ń yìn mí láti àárọ̀ nítorí ìwé mẹ́tàlélógún tí àwọn ọmọ wa kọ nípa irú ara wọn: ọmọ tó dirun bíi tiwa, ọmọ ẹ̀yà Emberá láti òkè odò, ọmọ tí kò lè rìn tó ń tukọ̀. Fulvia, aránṣọ wa, ìwọ lo fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn gbogbo ìwé náà pọ̀ títí ọwọ́ rẹ fi bó. O ṣé. Ṣùgbọ́n ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Kì í ṣe èmi o.

Nígbà tí ìwé wọ̀nyẹn ò tíì sí, pẹ́ńsù pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà tí gbogbo wa, dúdú kóró bí a ṣe wà yìí, ń pè ní "àwọ̀ ara". Ara ta ni, ẹ jọ̀ọ́? Ara ọmọ eku! Lọ́jọ́ kan tí mo ní kí wọ́n ya àwòrán ará ilé wọn, Yurleidis, ọmọ Tomasa, ọmọ ọdún méje, nìkan ló fi pẹ́ńsù búráùn kun àwòrán ìyá àgbà rẹ̀.

Mo ní, "Àwọ̀ ara ni mo ní kó o lò."

Ó ní, "Tíṣà, òun náà ni mo lò."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo fa àwòrán náà ya, mo ní kó tún un yà. Ó tún un yà ní pupa, ó gbé e wá: "Ẹ gbà. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́." Kò wá sílé ìwé mọ́; ìyá rẹ̀ kó gbogbo ilé wọn lọ sí ìlú Cali. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo délé, mo tú gbogbo ìwé mi wò, mi ò rí ẹni tó jọ mí nínú ọ̀kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwa.

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ̀wé sí Yurleidis pé kó wá lónìí, kí n lè tọrọ àforíjì lójú yín. Àga rẹ̀ nìyí, ó ṣófo. Èsì rẹ̀ dé lánàá: "Tíṣà, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kú lọ́dún yẹn, kò ya fọ́tò rí. Àwòrán tẹ́ ẹ fà ya yẹn nìkan la ní."

 

Ẹ̀yin olùkọ́ tó kù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín yá ju ojú yín lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá délé, ẹ ya àwòrán ìyá àgbà yín. Ẹ kùn ún bó ṣe rí gan-an. Ẹ ṣé o.